Áńtẹ́nà Wa àti Máńgòrò Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ilé wa máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí kì í fi nǹkan kan hàn. Ìrọ̀lẹ́ ni, ní Fìdítì, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́sàn bá ti kó apẹ̀rẹ̀ wọn kúrò lẹ́bàá títì. Ìyá wa á tan ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ á máa hó ṣàà, funfun àti dúdú á máa dà lu ara wọn bí gààrí tí wọ́n ń jọ̀ lójú asẹ́. Nínú ariwo yẹn ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ti jáde ketekete, á máa ka ìròyìn. Ohùn nìkan ni o. Ojú rẹ̀ kì í yọ.

Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀ ló gbà á pé kó máa ka ìròyìn lédè Yorùbá. Bàbá wa kò kọ́kọ́ fẹ́ iṣẹ́ náà. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó ni, iṣẹ́ tíṣà ló sì ti fọkàn sí fún àkọ́bí rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìlú ló ń rí tíṣà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí ni wọ́n ń pe kéèyàn jókòó sínú àpótí, kó máa bá ẹni tí kò rí sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fojú ara òun rí i ni òun máa tó gbà pé iṣẹ́ ni. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbà kọlù ú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa ju pé kó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò tí àwòrán tiwọn dára ní ká gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko láti kékeré kò gbà kí wọ́n gbé òun kọjá lójú títì bí àpò àgbàdo. Fóònù tó ń fi ìròyìn hàn kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Áńtẹ́nà ilé wa nìkan la gbójú lé.

Èmi ni mo gba iṣẹ́ áńtẹ́nà náà ṣe. Mo ti jáde ilé ìwé gíga, mo ń dúró de iṣẹ́, ó sì dá mi lójú pé irin lásán kò lè fi ẹni tó kàwé tó mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gé ọparun gígùn, mo so áńtẹ́nà mọ́ orí rẹ̀, mo gbé e nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màá máa yí i díẹ̀díẹ̀, màá máa béèrè bóyá ó ti dára. Ìyá wa á dúró lójú fèrèsé, á ní ó ti ń bọ̀, ó tún ti lọ, kí n dá a padà, kí n má dá a padà mọ́. Nígbà míì, bí mo bá di ọparun náà mú, òjìji orí ènìyàn kan á yọ. Bí mo bá ti fi í sílẹ̀ báyìí, á parẹ́. Mo so ọmọrí ìkòkò mọ́ ọn, mo tún fi abọ́ páànù kún un. Àwòrán kò dára, ìyá wa sì wá ọmọrí ìkòkò rẹ̀ títí, àfìgbà tó gbójú sókè.

Bàbá wa kò bá mi bínú. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, á máa wo inú ariwo funfun yẹn láìṣẹ́jú. Bí ìròyìn bá parí, á ní kí n tún bá òun wò ó lọ́la. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Nígbà tó yá, mo pe ọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Òun náà pààrọ̀ wáyà, ó gun òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gun ún. Nígbà tó sú àwa méjèèjì, a dúró sí ẹ̀yìnkùlé, a kọjú sí ọ̀nà Ìbàdàn, kò sì sí ohun tí a rí níwájú wa ju igi máńgòrò lọ. Ewé rẹ̀ ki pìtìmù, òjò àná ṣì ń kán lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwòrán yẹ kó gbà wọlé wá. Igi náà ga ju ọparun èyíkéyìí tí mo lè gbé nàró, ilẹ̀ onílẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ká gé e.

Igi ẹ̀gbọ́n mi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ibẹ̀ ni bàbá wa ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ sí, ó sì gbin máńgòrò lé e lórí bí bàbá tirẹ̀ ti ṣe. Nílé wa, wọn kì í fi àdá kan irú igi bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni ín bá wà láyé. Tèmi náà wà, ọsàn ni, àmọ́ ewúrẹ́ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì kéré, kò sì ga títí dòní. Ìyá wa gbà pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè ríṣẹ́.

Síbẹ̀, mo lọ bá bàbá wa. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gé díẹ̀ nínú ẹ̀ka rẹ̀."

Ó ní, "Apá ọmọ mi lo fẹ́ gé kí n lè rí ojú rẹ̀?"

Mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ àáfà pé kó bá wa dá sí i. Àáfà jókòó tì í, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní igi ni igi í jẹ́, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọmọ. Bàbá wa fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó wá bi í léèrè bóyá àáfà ti gé igi ọmọ tirẹ̀. Àáfà tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ṣàdúrà àlùbáríkà fún wa, ó sì lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Ó ní ká gé e, pé kò ní ṣe òun ní nǹkan kan. Bàbá wa mi orí pé òun kò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n tí a ti pa, ó mú ìwé ìròyìn, ó kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń kà á níbi iṣẹ́. Bàbá wa gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ojú tó o ní nínú ilé yìí, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó o ní lọ́hùn-ún ni mi ò tíì rí."

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ẹ̀yìn ti igi rẹ̀, ó sì sunkún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Bàbá wa kú ní àkókò òjò yẹn kan náà. Ìròyìn tó gbọ́ kẹ́yìn, ohùn nìkan ló gbọ́ nínú rẹ̀.

A kò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí ìjì kan jà lọ́sàn-án, tó sì fa máńgòrò náà ya láàárín, tó wó o lulẹ̀. Ìjì ò tíì dáwọ́ dúró tí ìyá wa ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé àlàáfíà ni òun wà, ìyá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nírọ̀lẹ́, a tan tẹlifíṣọ̀n nítorí pé ó ti mọ́ wa lára. Kò hó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè àti yẹtí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń wò wá tààrà. Mi ò fọwọ́ kan áńtẹ́nà rárá. Àwọn tó wá kí wa ti ti àga bàbá wa mọ́ ògiri. Ìyá wa dìde, ó wọ́ ọ jáde, ó yí i kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ìròyìn fi parí.

Ilé yẹn ni mo ṣì ń gbé báyìí. Èmi náà ti ríṣẹ́, ọsàn mi kò sì ga sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ka ìròyìn, àwọn ọmọ mi sì ń wò ó lórí fóònù nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Èmi ò lè wò ó báyẹn. Tẹlifíṣọ̀n ni mo ń jókòó tì. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ariwo funfun yẹn sì ń yọjú. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wo ohun tó fà á. Èèhù ti hù lára kùkùté máńgòrò náà, ó ti ga kọjá òrùlé, ewé rẹ̀ sì ti ń ki. Ìyàwó mi ní kí n mú àdá. Mo padà wọlé, mo jókòó sórí àga bàbá wa, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tán.