Ọfà Kejì Tó Wà Lára Ọ̀yà Mi

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ojú tí mo fi ń rí ọ̀yà láàárín ewé títí dòní láìlo awò.

Ọdẹ ọlọ́fà ni mí, ní Ìgàndó níbí. Ẹ gbà mí gbọ́, igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àbàtà ò ti jẹ́ kí wọ́n kọ́lé.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo máa ń tọ ipasẹ̀ ẹran kiri. Ní báyìí, orúnkún ò gbà mọ́, èjìká náà ń ro mí. Ṣé kí n wá gbé ọrun kọ́ ògiri ni? Rárá o! Mo gbẹ́ òmíràn tó rọ̀. Ọfà rẹ̀ kì í lọ jìnnà, mo bá ń gbé àpótí lọ sétí omi, kí ẹran fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi.

Àwọn ọdẹ kéékèèké ní, “Bàbá ń ṣọdẹ lórí àpótí!” Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín jàre. Ìkòkò tèmi ń hó.

Làmídì, ọmọ àbúrò ìyàwó mi, wà lára wọn. Géńdé tó níyàwó nílé ni. Mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì ń ràn. Ó lúgọ sí òdìkejì omi, èmi jókòó sórí àpótí mi.

Ọ̀yà ńlá kan yọ. Mo fa ọrun. Bí mo ṣe fẹ́ tú u sílẹ̀, ẹnìkan sọ sí mi létí, jẹ́jẹ́:

“Dúró. Jẹ́ kó yí ẹ̀gbẹ́ sí ẹ.”

Mo kúkú ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ gbogbo irun ara mi dìde. Èémí onítọ̀hún tutù lọ́rùn mi bí omi àmù.

Mi ò bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọwọ́ mi ò gbọ̀n! Ọ̀yà yí ẹ̀gbẹ́, mo ta á, ó ṣubú síbẹ̀.

Làmídì la omi wá bá mi. “Bàbá, ta ni bàbá tó dúró tì yín, tó gbé ọrun dání?”

“Ìwọ náà rí i?”

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ta á.”

A wo ẹ̀yìn àpótí. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, ipasẹ̀ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. A dé ìdí ọ̀yà: ọfà méjì! Tèmi wọ ọkàn. Èkejì wọ itan, irin rẹ̀ ti dípẹtà, ìyẹ́ àṣá ló wà nídìí rẹ̀. Èmi kì í lo ìyẹ́ àṣá.

“Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ!”

Kí n fi ẹran tí mo pa sílẹ̀? Mo gé itan náà, mo fi sílẹ̀ tòun ti ọfà inú rẹ̀. Ìpín ẹni tó ta á nìyẹn. Mo gbé ìyókù lọ sílé, a sè é, a jẹ ẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo padà lọ. Kò sí itan, kò sí ọfà. Ká ní ajá ló gbé ẹran, kí lajá fẹ́ fi ọfà ṣe? Títí dòní, mi ò mọ ẹni náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọfà tèmi ló wọ ọkàn.

Ẹ̀yin tó ń wọ àbàtà yẹn, ẹ gbọ́ o. Bí ohùn kan bá bá yín sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Bí ẹran bá sì ṣubú, ẹ rí i pé ẹ pín in kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.