Ààyè fún Epo Tí A Kò Tíì Rí

Ẹ bá mi kí yàrá àlejò, ọba láàárín yàrá! Yàrá tí ìrọ̀rí rẹ̀ wú ju ti onílé lọ, tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò mọ bàtà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀ nítorí àlejò tó ń bọ̀. Àlejò ọ̀hún kò tíì sọ pé òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dín ògo yàrá náà kù. Ní Mitchellville, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, láyé ìgbà tí báńkì ń yá gbogbo ẹni tó bá lè buwọ́ lùwé lówó, ilé tí kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ méjì kò tíì pé nílé.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ẹnjiníà jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Largo, nítòsí ibẹ̀, nígbà náà. A máa ń gba àwọn iléeṣẹ́ epo nímọ̀ràn lórí bó ṣe yẹ kí pèpéle irin tí wọ́n fẹ́ gbé sójú òkun láti fa epo tóbi tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye epo tó wà nísàlẹ̀ títí wọn yóò fi fà á fún ọdún mélòó kan. Bí pèpéle bá kéré jù, epo yóò pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ; bó bá tóbi jù, irin lásán ni wọ́n lọ kó sójú omi. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n kì í yí padà: ẹ kọ́ èyí tó mọ níwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, ẹ fi ààyè sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí epo bá pọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ mìíràn kún un.

"Ẹni tó bá ní òun mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun," ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà, "ẹ bi í bóyá ó ti débẹ̀ rí."

Nígbà tó yá, ó fẹ́ ra ilé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa lọ ṣiṣẹ́ àfikún ní ọ́sípítù ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè. Wọ́n mú mi dání láti lọ wo ilé méjì. Èyí tó wà ní Kettering, ìlú kejì, mọ níwọ̀n, wọn kò tíì ṣe bésímẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, tán. Ti Mitchellville ní yàrá mẹ́fà, wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ pé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí.

"Mọ́mì mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn," ẹ̀gbọ́n wí, níwájú ilé yàrá mẹ́fà.

"Ṣé wọ́n ti fún wọn ní físà ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n máa fún wọn."

"Dádì, ẹ jẹ́ ká ra ti Kettering. Bí Mọ́mì bá dé, ká wá ṣe bésímẹ́ǹtì. Ṣebí ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn òyìnbó níbi iṣẹ́ nìyẹn."

"Ilé kì í ṣe pèpéle epo."

"Òótọ́ ni. Tiwọn, epo ló máa san án. Tiwa yìí, Sátidé mi ló máa san án." Ó yíjú sí mi. "Àǹkù, ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin náà ṣáà mọ ìmọ̀ràn yẹn."

Mo wo òkè. Mo ní àtẹ̀gùn ilé náà dára gan-an.

Wọ́n rà á. Wọn kò fún Mọ́mì ní físà. Bí mo bá yà kí wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n á máa ṣí ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan fún mi: "Ti Mọ́mì nìyí." Ìyàwó rẹ̀ kì í sí nílé, ọ́sípítù ló máa ń wà.

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa ní ọ́fíìsì. Nígbà tó di ọdún kejì, èmi náà ra ilé oníyàrá márùn-ún, kò jìnnà sí tiwọn. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nínú rẹ̀. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Sátidé.