Bàbá Ọláwuyì, Alábahun Rẹ̀ àti Omi Ìwẹ̀ Jésùlayọ̀mi

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Ọláwuyì, àgbà káfíńtà tó ti Ọ̀yọ́ wá tẹ̀dó sí Ìbàfò, ọjọ́ tó ń ná òfin ní hósípítù làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọdún 2007 ni. Jésùlayọ̀mi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa omi sí i lára. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Jọkẹ́, ìyá rẹ̀, di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì Rosemary wọlé, ó béèrè bóyá wọ́n ń sin ẹran nílé.

"Méjì péré," ni Bàbá wí. "Odídẹrẹ́ kan, àti Sùúrù." Ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó gbé alábahun kan jáde, ó sì gbé e lé orí tábìlì nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì fò sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ gbé e kúrò! Kòkòrò tí ojú ò lè rí wà lára ẹran yìí. Kò gbọdọ̀ dé ilé ìdáná, kò gbọdọ̀ dé ibi tí ọmọ wà. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi ka oókan dé ogún."

"Ogún ti pọ̀ jù, ọmọ mi. Gba mẹ́wàá."

"Ogún ni, Bàbá."

"Méjìlá. Nítorí Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ kì í fi ẹnu fún odídẹrẹ́ yín lóúnjẹ?"

"Ẹ̀pà nìkan ni mo ń jẹ fún un."

"Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀! Àìsàn ara ẹyẹ lè wọ èèyàn ní ẹ̀dọ̀fóró."

Bàbá ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá ná an dé ọjọ́ kan ààbọ̀. Nígbà tó lọ tọrọ Jọkẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní Ifọ̀, ó ná àwọn àna débi pé àwọn ni wọ́n sanwó ọkọ̀ tó gbé e padà sílé.

Nọ́ọ̀sì wo alábahun náà. "Ibo ni nǹkan yìí ti ń wẹ̀?"

Orí Bàbá wú. "Nínú báàfù ọmọ. Òun ni mo fi ń tọ́ omi wò láràárọ̀. Bó bá yọrí, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n gbé ọmọ wá. Bó bá fa orí wọlé, omi ṣì gbóná. Sùúrù ò ṣì mí lọ́nà rí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé ọmọ máa ń mu nínú omi yẹn?"

Jọkẹ́ fi ẹsẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀. Bí ìyá Jọkẹ́ ṣe kọ́ ọ, kì í wẹ ọmọ tán kó má bu omi ìwẹ̀ náà fún un mu ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàbá ò mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló fẹ́ pa ọmọ wọn. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ oògùn tó yẹ? Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, mà. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta ni mo máa ń bù fún un."

Jọkẹ́ tẹ orí ba, ó ń retí ariwo bàbá ọkọ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni. Èmi ni mo ba omi jẹ́. Ọwọ́ ìyàwó mi ò sí níbẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbé nǹkan ka iwájú rẹ̀ tí kò ní kí wọ́n pín in sí méjì.

Dókítà pààrọ̀ oògùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ ò tíì lajú. Jọkẹ́ fi kẹ́tùlù pọn omi dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó sì gbọ́ ohùn kan. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Olúwa, mi ò ní ná èyí. Iye tí O bá pè ni."

Jọkẹ́ ò lè wọlé. Omi ń kán láti inú kẹ́tùlù sí i lẹ́sẹ̀. Kò sí ìró kankan láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó tó wákàtí kan kí Jésùlayọ̀mi tó ké. Igbe náà gba gbogbo hósípítù. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́, kó dín ariwo kù, àwọn aláìsàn mìíràn ń sùn.

"Ẹ má bínú," ni Bàbá wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "A ò dín nǹkan kan kù."

Nígbà tí wọ́n délé, ó kan ilé pákó fún Sùúrù ní ẹ̀yìnkùlé, ó kùn ún ní pupa, ó sì ra báàfù tirẹ̀ fún un. Ó jáwọ́ nínú ẹ̀pà ẹnu, títí kan ti ọjọ́ Ìsinmi, odídẹrẹ́ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì bá a yan odì. Ní ìdí páìpù, ó máa ń kígbe ka iye tó ń fọwọ́, gbogbo àdúgbò ń gbọ́: ó ń ka ogún, ó sì ń kọjá lọ sí ọgbọ̀n.

"Bàbá, ogún ni wọ́n ní," ni Jọkẹ́ wí.

"Mẹ́wàá yòókù, èènì ni."

Ogójì ọdún ló fi ṣe káfíńtà, kò fún ẹnikẹ́ni ní èènì rí.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Jésùlayọ̀mi ti dàgbà báyìí, fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ kó tó jẹun. Á ka ogún. Á dúró, á wo ilé pupa tó wà lẹ́yìnkùlé, á sì tún ka mẹ́wàá sí i. Oúnjẹ á máa tutù lórí tábìlì. Jọkẹ́ kì í pè é pé kó yára.