Ewúro Tí Kò Korò Lẹ́nu Wa

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó jẹ òkèlè kan péré, ó fọwọ́ lérí, ó ní, "Mọ́mì, iyọ̀ ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù." Ọmọ tí ò tíì wọ ilé ìwé girama! Mo ní kó jẹun rẹ̀ kó yéé dárà. Èmi tí mo se ọbẹ̀ ti tọ́ ọ wò ní àtẹ́lẹwọ́ mi kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, ṣe ló tẹ́ lẹ́nu mi, mo tiẹ̀ tún bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo wo ọkọ mi pé kó gbè mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ń jẹun lọ, àmọ́ omi ló ń mu ní àmutúnmu.

Inú bí mi. Mo bu ọbẹ̀ sínú àwo kékeré, mo gbé e lọ fún àǹtí tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ní Surulere, pé kó bá mi tọ́ ọ wò. Obìnrin yẹn kì í pọ́nni lé lásán, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń sọ. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn padà sílé, nítorí pé bí àìsàn tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mushin ni ìyá mi ti ń ránṣọ. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ìyá tó bí i sanra, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sanra, ẹni tó bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á kọ́kọ́ kí i pé ara rẹ̀ ń dán. Ara yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ wá ládùúgbò. Ohun kejì tí wọ́n fi ń mọ̀ wá ni ewúro. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń fún ewúro, á gbé omi rẹ̀ mu bí ẹni mu omi tútù, kò ní fajú ro. Ìyá tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní irú ahọ́n wo lèyí, ìyá mi á ní ahọ́n ìdílé àwọn ò mọ ìkorò. Ó fi ń yangàn, àwa ọmọ náà sì ń bá a yangàn.

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyẹn. Ìyá mi gbà pé bí ìkorò bá ti kọ́kọ́ wọ inú láàárọ̀, adùn tó bá tẹ̀ lé e ò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ewúro á ti fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Nítorí náà, bó bá ti gbé ife ewúro sílẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná ló kàn, ṣúgà inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Tí mo bá ní, "Màmá, ṣé ṣúgà yìí ò ti pọ̀ jù?" á ní ṣúgà tí wọ́n ń tà láyé ìsinsìnyí ni ò dùn mọ́, wọ́n ti da nǹkan mọ́ ọn. Ó bá ẹni tó ń tà á fún un jà. Gbogbo wa la bá a bú onítọ̀hún.

Ojú ló kọ́kọ́ lọ. Obìnrin tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láìtiẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá bá òun fi í. Nígbà tó yá, ó ń gé aṣọ oníbàárà wọ́gọwọ̀gọ. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ó ní irọ́ ni, àtọ̀gbẹ wo ni yóò bá ẹni tó ń mu ewúro? Ó mu ewúro náà títí ojú méjèèjì fi fọ́, ó mu ún títí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná fi mú un lọ. Èmi ni mò ń wẹ egbò náà fún un. Bí mo bá rántí òórùn rẹ̀ títí dòní, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi.

Lẹ́yìn tí mo bímọ ni èmi náà sanra. Ní yàrá àwọn tíṣà níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Olóyè, wọ́n ní ìgbádùn pọ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní kí n dín oúnjẹ kù, màá sọ fún un pé ara àbímọ́ ni, kó gbájú mọ́ tiẹ̀. Ara àbímọ́ náà ni lóòótọ́. Láti ìbàdí dé ìka ẹsẹ̀, ti ìyá mi ni mo gbé rìn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ló lé mi dé ilé ìwòsàn kan ní Yaba. Nígbà tí mo dé Ojúẹlẹ́gbà, mo fẹ́ yí padà sílé, mo kàn ń tan ara mi pé oòrùn ti mú jù. Wọ́n gbé mi sórí ìwọ̀n, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà tó pè mí wọlé, ọmọdébìnrin ni lójú mi. Mo sọ ti ọbẹ̀ fún un, mo sọ ti ìyá mi àti ewúro, mo sì rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí èèyàn ṣe ń jogún imú àti ẹsẹ̀ náà ló ń jogún ahọ́n. Ó ní àwọn kan wà tí irú ìkorò kan kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́nu wọn láti inú ìyá wọn wá, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà lè mú ẹlòmíì bì. Ó ní ti sísanra tún yàtọ̀: bí ara bá ti ń sanra jù, àwọn ohun wínníwínní orí ahọ́n tí a fi ń mọ adùn oúnjẹ lè máa dín kù. Ẹnu á kú díẹ̀díẹ̀, onítọ̀hún á ní oúnjẹ ò dùn, á bu nǹkan kún un, á tún sanra sí i. "Ewúro kì í sì í fọ ṣúgà dànù, mà," ló wí. "Àmọ́ bí ẹ bá fọn, ahọ́n yín lè jí padà." Lẹ́yìn náà ló sọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti dé etí bèbè àtọ̀gbẹ, kò kàn tíì já wọ inú ẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe nípa èmi. Mo ní, "Dókítà, ọmọ mi ńkọ́?" Ó ní ó lè mú ahọ́n bàbá rẹ̀, ó sì lè mú tèmi.

Ẹ gbọ́, ìyá mi ti kú kí n tó lóyún ọmọ yìí. Nígbà tí mo bí i, tí wọ́n rí iwájú orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ẹbí ní ìyá ti padà dé. Wọ́n ń jó, inú mi dùn débi pé mo sunkún. Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ọ̀rọ̀ ayọ̀ yẹn gan-an ló ń lé mi kiri inú ilé. Bí ìyá mi bá ti padà dé, kí ló bá a dé?

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fún ewúro. N kò fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, n kò dà á pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Mo pe ọmọ mi sí kíṣìnì, mo gbé ife fún un. Mo ní, "Mu ún." Nínú mi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó tu ú, kó tu ú sí mi lára, kó ké, kó tiẹ̀ bínú sí mi.

Ó mu ún, ó gbé e mì. Kò fajú ro. Ó tún gbé ife sẹ́nu, ó tún gbé e mì, ojú mi ló ń wò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ ìyá mi, mo sì ń rí egbò níbi tí egbò ò sí.

Mo ní, "Ṣé kò korò ni?"

Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó korò gan-an, Mọ́mì."

"Kí ló dé tí o ò tu ú nù?"

"Ojú yín ni mò ń wò. Ó dà bíi pé bí mo bá tu ú, nǹkan máa ṣe yín."

Mo fà á mọ́ra, mo dì í mú títí ó fi ní òun ò lè mí. Mo ní kó lọ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀. Nígbà tó yíjú, mo gbé èyí tó kù nínú ife náà, mo mu gbogbo rẹ̀, mo di ojú, mo ń dúró de ìkorò. Mo dúró títí. Omi lásán ni lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo lajú, ọmọ mi ti padà sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo fajú ro fún un, bí ẹni tí ewúro korò lẹ́nu rẹ̀.