Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Mo Bá A Tún Ṣe

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òmù-Àrán ni ọ̀gá wa mú ọmọbìnrin kan wá láti Àrán-Ọ̀rin. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn oníbàárà fi ń kọjá níwájú mi lọ bá a. "Ọmọ tó mọṣẹ́ yẹn ńkọ́?" Èmi tí mo jókòó, ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀wé ni? Owú jẹ mí, n kò ní purọ́.

Nígbà tí ọ̀gá wá gbé iṣẹ́ ìsìnkú ìyá àgbà kan fún un, tí àwọn ọmọ olóògbé ń bọ̀ láti Èkó, mo ní n ó wo bí yóò ṣe ṣe é. Èmi ni wọ́n máa ń fún nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọrùn ń dùn mí, oòrùn ojú fèrèsé sì ń tàn sójú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

Mo ní kó lọ ra àkàrà wá. Mo ki páálí ìwé méjì sábẹ́ ojú kọ̀ǹpútà náà kó lè ga, mo yí i kúrò lójú fèrèsé. Ibi tó bẹ̀ mí mọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ bọ́tìnnì abẹ́ rẹ̀, mo sún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá mọ́lẹ̀ jù, èèyàn dúdú á pupa lójú ẹni tó ń tún àwòrán ṣe. Á máa fi dúdú kún un, títí yóò fi jáde lórí ìwé bí ìdí ìkòkò. Àwọn oníbàárà wa sì kórìíra irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bíbó là ń bó àwòrán òkú níbí. Kò sí ìyá dúdú tí ọwọ́ mi kò sọ di apọ́nbéporé.

Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde, àkọ́bí ìyá náà dé, ó mú ọ̀kan nínú ìwé ètò náà. Ojú ìyá rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Mo ń retí ariwo. Ẹkún ni ọkùnrin náà bú sí.

"Màámi nìyí! Adúmáadán ni bàbá wa ń pè wọ́n. Ìwé ọjọ́ ìbí wọn tí wọ́n tẹ̀ níbí, àwọn fúnra wọn ló béèrè pé ta nìyí."

Èmi ni mo tẹ ìwé ọjọ́ ìbí yẹn.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sà. Àwọn ló bá mi tún ojú kọ̀ǹpútà mi ṣe."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Mo ní kò tọ́pẹ́. Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ọpẹ́ ló tọ èmi, ó sì ta mí lójú ju eérú lọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde lọ jẹun lọ́sàn-án, mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n dín ìmọ́lẹ̀ náà kù. Ó ti lẹ bébà kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, ó fi báírò kọ ọ́ pé: "Ẹ má yí i o. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ṣe é."