Ọkọ mi fi odó iyán gba gíà mọ́tò dúró

Odó iyán mi ni ọkọ mi gbé sábẹ́ gíà ọtomátíìkì lónìí!

Mẹkaníìkì ní kó yá kíríkì, ìyẹn jáàkì tí wọ́n fi ń sọ gíà kalẹ̀. Ó ní òun ní kíríkì nílé. Èyí tí a fi ń pààrọ̀ táyà ni! Ìyẹn ló fi gbé mọ́tò sókè, ló bá fi odó mi gba gíà dúró.

Bó ṣe tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, odó yẹ̀, gíà já lé e lọ́wọ́ lábẹ́ mọ́tò.

"Ìyá Afí, gbé e kúrò!"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò."

"Mi ò mọ nǹkan kan!"

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Afí. Àwọn ará ìlú Glei ò tíì gbọ́."

Ó fi igbe ńlá sọ ọ́ kí n tó fi ọmọ odó gbé gíà náà sókè. Ìka rẹ̀ ti wú. Ó ní ìkà ni mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àbí mo tètè gbé e jù?