Ìrìn Àjò Lórí Aṣọ Ìnu-àwo

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba àárín oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ẹnì kan ṣí tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìtasánsán rẹ̀ sì gbé mi padà sí Sharjah, ìlú àwọn Lárúbáwá tí a ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi lọ ra ọjà ní Deira, ó fi mí sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Mo kúnlẹ̀ kí i. Lòun náà bá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri.

"Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Mò ń kí yín ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ó po tíì fún mi, ó sì tẹ́ aṣọ ìnu-àwo tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí sórí tábìlì. Ìka rẹ̀ mú mi rìn: orí òkè tútù tí àgùntàn ti ń jẹko, ẹ̀gbẹ́ odi olókùúta, abúlé tí àwọn bàbá àgbàlagbà ti ń so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ jó. Òyìnbó, pẹ̀lú ṣaworo! Mo ní èèyàn gidi nìwọ̀nyí. Ìka náà dúró sórí ìlú kékeré kan.

"Ilé wa nìyí."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé náà kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sì sẹ́ni tó kù níbẹ̀ tó máa ṣílẹ̀kùn fún un.

Màmá mi dé. "Yalla, ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá."

Kí n tó kúnlẹ̀, ìyá òyìnbó ti di àga mú, ó rọra kúnlẹ̀ fún mi.

"Hàà! Ẹ dìde, mà!" Màmá mi ju ẹrù sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.